"Mo ti ń lò ó tipẹ́": Ìdí tí ara fi lè dédé kọ dáì irun, yẹtí tàbí sìmẹ́ńtì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà awọ ara máa ń gbọ́ dáadáa: "Kò lè jẹ́ dáì yìí, mo ti ń lò ó tipẹ́." Ojú ẹni tó ń sọ ọ́ ti wú, etí rẹ̀ ń yún un, awọ orí rẹ̀ sì ń ṣomi. Torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lo nǹkan náà láìsí wàhálà, ó gbà pé nǹkan míì ló ń ṣe òun. Àwọn kan á ní làpálàpá ni, àwọn míì á ní ọwọ́ ayé ni.

Ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú aléjì tó ń ti ara ìfọwọ́kàn wá, ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ nǹkan kan kó tó lè kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí èèyàn ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ yìí lè jẹ́ ohun tó ń dà á láàmú.

Kí awọ jó yàtọ̀ sí aléjì

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá mú awọ yún ni aléjì. Ọṣẹ ìfọṣọ, bílíìṣì àti sìmẹ́ńtì tútù lè jó ọwọ́ ẹnikẹ́ni, tó bá ti pọ̀ jù tàbí tó bá pẹ́ lára. Ibi tó bá kàn náà ló máa ń jó. Tí èèyàn bá dín in kù, tó sì fi ìpara ra ọwọ́, ó sábà máa ń lọ.

Aléjì ní tirẹ̀ kì í mú gbogbo èèyàn. Èèyàn mẹ́wàá lè jọ lo ìpara kan náà, kó jẹ́ ara ẹnì kan ṣoṣo ló máa kọ̀ ọ́. Tí ara bá sì ti kọ nǹkan, díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ara á máa yún, á wú, á sú, ìléròrò lè yọ, ó sì lè ràn kọjá ibi tí nǹkan náà kàn.

Lára òyìnbó, ibẹ̀ máa ń pọ́n. Lára ènìyàn dúdú, pípọ́n náà lè má hàn. Ó lè dúdú ju awọ tó kù lọ tàbí kó rí bí eérú. Tó bá jinná tán, àpá dúdú lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Bí ara ṣe ń mọ ojú nǹkan

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń fa aléjì yìí jẹ́ kẹ́míkà tí èròjà rẹ̀ kéré débi pé ó lè gba inú awọ kọjá. Tó bá wọlé, á lẹ̀ mọ́ purotéènì ara fúnra rẹ̀, purotéènì náà á sì wá rí bí àjèjì. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ tó ń ṣe bí ọlọ́dẹ. Langerhans ni wọ́n ń pè é, orúkọ Paul Langerhans, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1868 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Sẹ́ẹ̀lì yìí wà lára àwọn tó máa ń gbé àjèjì náà lọ sínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lábẹ́ apá, ní ọrùn àti ní ìtan. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní T ti máa ń mọ ojú rẹ̀.

Ìmọjú yìí máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Àmọ́ èèyàn lè ti lo nǹkan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kì í yún èèyàn ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì sí àmì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàkígbà tí nǹkan náà bá tún kan ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì T á kóra jọ lé e lórí, ara á sì sú láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Ìdádúró yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ẹni tó kun dáì lọ́jọ́ Sátidé lè má rí nǹkan kan títí di Mọ́ńdé, á wá máa rò pé ẹja tí òun jẹ lọ́jọ́ Sunday ló fà á.

Ohun míì tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé tí ara bá ti mọ ojú nǹkan báyìí, kì í sábà gbàgbé rẹ̀ mọ́. Oògùn lè jẹ́ kí ara tó sú jinná, ṣùgbọ́n kò ní kí aléjì náà kúrò.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá

Lọ́dún 1895, Josef Jadassohn, dókítà awọ ara ní ìlú Breslau, tó ti di Wrocław ní orílẹ̀-èdè Poland báyìí, ṣàlàyé ohun tó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìpàdé kan ní ìlú Graz. Ó ti fi oògùn tó ní mercury sí awọ àwọn aláìsàn tí ara wọn sú lẹ́yìn tí wọ́n lo mercury, ara wọn sì tún sú níbi tó fi í sí. Bí àyẹ̀wò patch test ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1906, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Vienna, Clemens von Pirquet, ló dá ọ̀rọ̀ náà, aléjì, sílẹ̀.

Karl Landsteiner, ẹni tó ṣàwárí oríṣi ẹ̀jẹ̀ A, B àti O, náà dá sí i. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti John Jacobs fi ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig ṣe ìwádìí nípa bí kẹ́míkà lásán ṣe ń di ohun tí ara ń kọ̀. Lọ́dún 1942, òun àti Merrill Chase wá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ni aléjì yìí ń bá rìn, pé omi ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè gbé e láti ara ẹranko kan lọ sí òmíràn.

Ní Nàìjíríà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Mercy Olumide, dókítà awọ ara l'Ékòó, ti ń tẹ ìwádìí jáde lórí irú aléjì yìí láti àwọn ọdún 1980.

Àwọn ohun tó sábà máa ń fà á

Nickel: Irin yìí ló wà lókè téńté nínú àwọn ohun tó ń fa aléjì ìfọwọ́kàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó máa ń wà lára yẹtí olówó pọ́ọ́kú, bọ́tìnnì jíǹsì, irin bẹ́líìtì àti ṣéènì aago. Tí ibì kan bá ń yún èèyàn nísàlẹ̀ ìdodo, níbi tí bọ́tìnnì jíǹsì máa ń kàn, kó kọ́kọ́ wo irin yẹn. Denmark ṣòfin lọ́dún 1990 pé nickel tó ń jáde lára irú nǹkan báyìí kò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Àjọ EU ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1994. Lẹ́yìn ìyẹn, aléjì nickel dín kù láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin níbẹ̀.

Dáì irun àti làálì dúdú: PPD ni kẹ́míkà tó ń mú ọ̀pọ̀ dáì dúdú. Orúkọ rẹ̀ lára páálí lè jẹ́ p-phenylenediamine. Ìpéǹpéjú, etí àti ọrùn ló sábà máa ń wú. Ewé ni làálì gan-an, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n tàbí kó rí bí igi. Èyí tó bá dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po dáì mọ́ ọn. Ọmọdé tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ya ọwọ́ fún nígbà ọdún tàbí ìgbéyàwó lè gba aléjì PPD níbẹ̀, kó má sì mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá dàgbà tó fẹ́ kun irun. Nílẹ̀ Yúróòpù, wọn ò gbà kí wọ́n fi PPD kun awọ. Inú dáì irun ló wà fún, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí wọ́n bá fi kun orí.

Sìmẹ́ńtì: Chromium tó wà nínú sìmẹ́ńtì ti lé ọ̀pọ̀ bíríkìlà kúrò nídìí iṣẹ́. Ọwọ́ wọn á lá, á máa yún, kò sì ní í jinná níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń po kọnkéré. Lọ́dún 1983, Denmark pàṣẹ pé kí wọ́n dín chromium tó lè yòrò sínú omi kù nínú sìmẹ́ńtì. Ferrous sulphate ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Irú aléjì yìí dín kù láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, EU sì sọ ọ́ di òfin lọ́dún 2005.

Ìpara àti lọ́fínńdà: Lọ́fínńdà àti kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ wà lára wọn. Methylisothiazolinone kó wàhálà bá ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn ọdún 2005 tí wọ́n gbà kó wà nínú ìpara àti wáìpù ọmọdé. EU gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́dún 2017 nínú ohunkóhun tí wọn kì í fi omi ṣàn kúrò lára. Òògùn ìpara tó ní neomycin pàápàá lè fa aléjì lójú egbò tó yẹ kó wò sàn.

Àyẹ̀wò tó ń tú àṣírí

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò patch test ni láti wá kòkòrò náà rí. Dókítà á lẹ àwọn kẹ́míkà díẹ̀díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn, wọ́n á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì tún wò ó ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Nígbà míì, títí di ọjọ́ keje. Lára awọ dúdú, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ bóyá ó wú, kó má kàn fi ojú wò ó nìkan.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Ibi tó yẹ kéèyàn ti kọ́kọ́ béèrè ni ẹ̀ka awọ ara ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ibàdàn tàbí LUTH n'Ídí-Àràbà.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe

• Kó dá nǹkan tó bá fura sí dúró, kó má sì gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

• Kó má rò pé tí òun bá pààrọ̀ orúkọ dáì, ó ti parí. Kẹ́míkà kan náà ló sábà máa ń wà nínú wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé kò ní ammonia kò túmọ̀ sí pé kò ní PPD.

• Kó kó páálí dáì, ìpara tàbí òògùn tó ń lò dání tó bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe.

• Kó má fi ìpara àpòpọ̀ tó ní steroid ra ara lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́. Ó lè bo àmì náà mọ́lẹ̀, ó sì lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

• Bíríkìlà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kó sì fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára kó tó gbẹ.

• Tí ojú tàbí ètè bá wú gidi, tàbí tí èèyàn kò bá lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá mọ orúkọ ohun tí ara rẹ̀ ń kọ̀ lè máa wo ara páálí kó tó rajà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa ti orí ìpara kan bọ́ sí òmíràn, nǹkan tó ń yún un á sì wà nínú ilé.