Ìgbì Náítírò Kì í Ṣe Orúkọ Oògùn: Polarógíráfì àti Oògùn Eṣú ní Niamey

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ni pé fólítéèjì ìdajì-ìgbì la fi ń dá èròjà ọ̀gáníìkì mọ̀. N kò gbà. Ẹ̀rí tí mo fi takò wọ́n ti wà nílẹ̀ láti 1925, tí Shikata gbé nitrobenzene síwájú ẹ̀kán mẹ́kúrì, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Heyrovský bẹ̀rẹ̀ polarógíráfì ní Prague. Ẹgbẹ́ náítírò ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀, kì í ṣe odindi mólékù.

Ká ní ẹnì kan gbé ìgò oògùn kòkòrò tí kò ní ìwé lára láti ọjà Katako ní Niamey wá sí yàrá àyẹ̀wò. Kí ni ìgbì lè sọ fún un? Fenitrothion, tí wọ́n ti fọ́n sí eṣú káàkiri Sahel, ní náítírò. Ìgbì rẹ̀ á yọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin fún mólékù kan. Ṣùgbọ́n oxon rẹ̀, tó ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́ gan-an, àti nitrocresol tó ń ṣẹ́kù bí omi bá tú u ká, náítírò kan náà ló wà lára wọn. Wọ́n lè dá mi lóhùn pé nínú omi alkali, ìgbì nitrocresol á sún síwájú síi níhà òdì. Òótọ́ ni, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn tó láti yà á sọ́tọ̀. Oxon wá ńkọ́? Ibi tí náítírò rẹ̀ wà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀.

Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Fenthion, tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ quelea tó ń jẹ ọkà, kò ní náítírò rárá. Bí ìgbì náítírò kò bá yọ, ẹ má ṣe sọ pé ìgò náà mọ́. Ohun tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí ohun tó ń pani.

Ní ti wíwọ̀n ìgbì fúnra rẹ̀, lílé ọ́síjìn jáde kò ní àríyànjiyàn. Ooru ní: ìṣàn iná ń fi bí ìdá 1.6 nínú 100 pọ̀ sí i fún dígírì kan, nítorí náà òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe ní 25°C á bù mọ́ èsì ní oṣù Ẹ̀bìbì ní Niamey, tí ooru ń kọjá 40°C.

Àwọn kan ní Àdéhùn Minamata ti 2013 lórí mẹ́kúrì ti sin polarógíráfì. Wọ́n yára jù. Láti 2000 ni bismuth ti ń rọ́pò mẹ́kúrì, ìbéèrè tí mo béèrè sì ń tẹ̀ lé e lọ. Bóyá ó ṣì yẹ ká máa pè é ní polarógíráfì, ìjà mìíràn nìyẹn.

Nítorí náà, yàrá àyẹ̀wò tó bá fi ìgbì nìkan ṣe ẹ̀rí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dárúkọ oògùn. «Náítírò» ni kó kọ, kó dúró de kromatógíráfì. Mo tilẹ̀ rò pé gbogbo àtẹ fólítéèjì ìdajì-ìgbì ló yẹ ká tún tò ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí á yọ orúkọ èròjà kúrò níwájú.