Ilé Tí Eyín Kò Lè Gé: Ìtàn Ibùgbé Eku Ìwádìí ní Amẹ́ríkà láti Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rúndún Ogún

1. Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn sáyẹ́ńsì bá ń sọ̀rọ̀ nípa eku ìwádìí, ìran eku, àìsàn tí a fi í wádìí àti orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń kà sílẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba ilé tí eku náà ń gbé. Ojú tí wọ́n fi ń wo ilé yìí kò ju ojú tí ènìyàn fi ń wo igbá omi lọ: bí kò bá ti jò, ó tó. Èrò bébà yìí ni pé ìwòye bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Wàhálà eyín eku ni ó ti àwọn olùsìn láti orí pákó bọ́ sórí irin, láti orí irin bọ́ sórí ike. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà lè wọ inú ara eku, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ inú àbájáde ìwádìí.

2. Eyín àti Etí

Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun láti máa hù. Ti èkúté ńlá lè hù ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ láàárín ọdún kan. Apá iwájú eyín náà le ju apá ẹ̀yìn lọ. Nítorí náà, bí ó ti ń gé nǹkan ni ó ń pọ́n ara rẹ̀. Nǹkan gígé kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ lọ́dọ̀ eku. Bí a ti dá a ni. Àmọ́ eyín yìí kì í rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tí ó tẹ́jú tí ó sì ń dán. Ó ní láti kọ́kọ́ rí etí, igun tàbí ihò tí yóò ti eyín bọ̀. Òwe àwọn àgbà bá ọ̀rọ̀ yìí mu: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èyí fi hàn pé líle ohun èlò nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ilé eku pẹ́. Bí a ṣe so igun rẹ̀ pọ̀ ṣe pàtàkì bákan náà.

3. Ilé Pákó

Abbie Lathrop (1868–1918), olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, ni ó sọ sísin èlírí di òwò ní Granby, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Inú àpótí pákó tí a tẹ́ koríko gbígbẹ sí ni ó ń sin wọ́n sí. A ròyìn pé eku rẹ̀ ju 11,000 lọ nígbà kan. Ilé rẹ̀ ni ìran C57BL ti ṣẹ̀, èyí tí Clarence Cook Little fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1921.

Pákó kò wọ́n, ó sì ń mú ooru dúró, ṣùgbọ́n ìtọ̀ a máa wọ inú rẹ̀, kòkòrò a máa sá pamọ́ sí ojú àlàfo rẹ̀, kò sì ṣòro fún eyín láti dá a lu. Kí a tó ka ìran kan sí ojúlówó, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbọ́dọ̀ gun ara wọn fún ìran 20 léraléra. Èlírí sì lè gba inú ihò tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 7 lọ kọjá. Bí akọ kan bá gba irú ihò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ abo tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ dàrú nìyẹn.

4. Ilé Irin

Irin borí eyín, a sì lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Páànù tí a fi síńkì bò ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ìtọ̀ a máa jẹ síńkì náà, eku a sì máa lá a. Ní 1934, Todd, Elvehjem àti Hart ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn pé èkúté kò lè dàgbà bí ó ti yẹ láìsí síńkì nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ògiri lè di oúnjẹ: ẹni tí ó yọ síńkì kúrò nínú àwo eku, tí ó sì fi eku náà sínú ilé onísíńkì, kò tíì yọ ọ́ tán.

Irin tí kì í dípẹtà yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó tutù, a kò sì lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ilẹ̀ onírin jálajàla a máa dá ẹsẹ̀ eku légbò. Kò sì lè gba ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ìhòòhò ni a ń bí ọmọ eku, kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ilé tí ó dára fún ìpamọ́ lè má dára fún ìbísí.

5. Ilé Ike

Ní 1953 ni wọ́n ṣe àwárí polycarbonate ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ike yìí rọ̀ ju irin lọ, síbẹ̀ ó gba ipò irin, nítorí pé a lè dà á ní odidi, kí igun rẹ̀ rí roboto, kí eyín má rí etí mú. Ó mọ́ gaara bíi dígí, ó sì ń fara da ooru tí a fi ń pa kòkòrò àrùn.

Ní oṣù kẹjọ 1998, Patricia Hunt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Case Western Reserve ní Cleveland ń wádìí ẹyin abo èlírí. Lójijì, ẹyin àwọn eku tí a kò ṣe nǹkan kan fún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́: ìdá 1 sí 2 nínú 100 di 40. Ohun tí wọ́n rí nídìí ọ̀rọ̀ ni pé ọṣẹ líle tí a fi ń fọ ilẹ̀ ni a ti fi fọ ilé àti ìgò omi wọn. Ọṣẹ náà jẹ ike lára, bisphenol A sì ń jò jáde. Wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde ní 2003. Ní 2018, ikọ̀ Hunt tún ròyìn irú rẹ̀ láti ara ike polysulfone tí ó ti bàjẹ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A lè jiyàn pé ilé kan náà ni gbogbo eku inú ìwádìí kan ń gbé, àti pé àfiwé wọn kò lè yẹ̀ nítorí ilé. Ìṣẹ̀lẹ̀ 1998 kò gbe àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀, nítorí àwọn eku tí a fi ń díwọ̀n àwọn yòókù gan-an ni ó bàjẹ́. Ọ̀pá ìwọ̀n ni ó tẹ̀. Ilé tí eku kò lè jẹ lè máa jẹ eku. Nítorí náà, òpìtàn tí ó bá fẹ́ fi àbájáde ọdún 1915 wé ti 1935 tàbí ti 1995 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni a fi kọ́ ilé àwọn eku náà, kí ni a fi ń fọ̀ ọ́, àti báwo ni ó ti gbó tó nígbà tí a ń lò ó.