Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ: Aládùúgbò Méjì, Ọrọ̀ Ajé Kan

Ẹni tó bá bá àwọn àgbà ìlú tàkúrọ̀sọ ní Òkìtìpupa kò ní í pẹ́ kó tó gbọ́ ọ pé àwọn Ìlàjẹ ló ń jẹ owó epo, pé gbogbo ohun tó yẹ kó kárí ni ìjọba ń kó lọ dà sínú omi fún wọn. Tí onítọ̀hún bá wọ mọ́tò dé Igbókòdá, ọ̀rọ̀ á yí padà. Níbẹ̀ wọn á ní àwọn Ìkálẹ̀ ló ni ilẹ̀, àwọn ló ni yunifásítì, àwọn ni ọ̀nà ọ̀dà gba àárín ìlú wọn kọjá. Ẹ̀sùn méjèèjì ti pẹ́ nílẹ̀, àárín àwọn tó ń jẹ ẹja ara wọn, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ló ti ń ti ibi kan bọ́ sí ibòmíràn. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà ni kò tọ́. Kì í ṣe iye ọrọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí lábẹ́ omi ló ya ipò Ìkálẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti Ìlàjẹ, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ya ọ̀lẹ. Ohun tó yà wọ́n ni pé Ìkálẹ̀ ní ilẹ̀ tó dúró, tí wọ́n lè kó èrè iṣẹ́ wọn lé lórí, àmọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ Ìlàjẹ gan-an ni ilẹ̀ ti ń yẹ̀.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì síra wọn. Abẹ́ ẹkùn ìṣàkóso kan ṣoṣo, Okitipupa Division, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpóì àti Ìjọ̀ Arógbò sí. Kí ìyẹn tó wáyé, etíkun Mahin ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ti ṣe pàtàkì débi pé ní ọdún 1885, iléeṣẹ́ oníṣòwò ará Jámánì kan, Gaiser, bá Amápetù, ọba Mahin, ṣe àdéhùn lé e lórí, kí Jámánì tó fà á lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Epo pupa àti èkùrọ́ láti inú igbó Ìkálẹ̀ àti Oǹdó ni àwọn òyìnbó ń wá, àmọ́ omi Ìlàjẹ ni ẹrù náà ní láti gbà kó tó dé Èkó. Àtìgbà náà ni iṣẹ́ ti pín: ẹnì kan ń mú nǹkan jáde nínú igbó, ẹnì kan ń gbé e kọjá lórí omi. Lónìí, Ìkálẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ìlàjẹ sì ní tirẹ̀ láti ọdún 1996, Igbókòdá sì ni olú ìlú rẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 290,615 ènìyàn ni wọ́n kà ní Ìlàjẹ, 233,565 ní Òkìtìpupa, àti 145,166 ní Ìrèlè. Ìlàjẹ tí ọ̀pọ̀ ń wò bí abúlé apẹja ló ní èrò jù nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló gbé ọrọ̀ ajé rẹ̀ ró. Ọ̀pẹ náà ní ìtàn tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà máa ń gbójú fò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn Urhobo ti ń ti ìhà Warri wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí wọ́n ń san owó fún onílẹ̀, tí wọ́n ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tí wọ́n ń kọ ẹyìn, tí wọ́n sì ń fọ epo. Wọ́n tẹ ahéré àti abúlé dó káàkiri inú igbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sì gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni wọ́n bí wọn sí. Onigu Otite, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Urhobo, kọ̀wé lórí wọn ní ọdún 1979. Ó ní kì í ṣe pé àwọn àlejò yìí wá jẹ nínú ọrọ̀ ìgbèríko nìkan, pé àwọn ni wọ́n jí i dìde. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pẹ tí ì bá jẹrà lórí igi di owó fún ẹni tó gùn ún àti ẹni tó ni ilẹ̀. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn tiwa ni pé onílẹ̀ lè jókòó sílé kí owó ilẹ̀ wọlé fún un. Bó bá fẹ́, á fi owó náà rán ọmọ nílé ìwé. Bó bá fẹ́, á fi kọ́lé sí ìlú rẹ̀, ilé náà á sì wà níbẹ̀ títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà. Kò sí onílé ní Awóyè tàbí Àyétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ, tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀.

Àyétòrò ló fi èyí hàn jù. Ní ọdún 1947 ni ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, lọ tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, lórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Owó gbogbo ìlú wọ inú àpò kan. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ìjọ ló ń bọ́ wọn, òun ló ń raṣọ, òun ló ń kọ́lé fún wọn. Wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n ní ẹ̀rọ iná mànàmáná tiwọn nígbà tí fìtílà ṣì ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ń tàn. Àwọn olùwádìí láti òkè òkun wá wo bí ìlú kan lórí omi ṣe là láàárín ogún ọdún. Ètò àpò kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn ju àyè ibí yìí lọ. Ohun tí kò tú ni akínkanjú àwọn ènìyàn náà. Òkun ló wá bá wọn. Etíkun Ìlàjẹ jẹ́ ẹrẹ̀, kò ní yanrìn púpọ̀ tó lè bá ìgbì jà, omi òkun sì ń ga sí i kárí ayé. Ilé ti lọ, ilé ìwé ti lọ, ibi ìsìnkú pàápàá ti lọ. Ìdílé kan á kọ́lé, á ṣí sẹ́yìn kọ́ òmíràn, á tún ṣí. Gbogbo owó ẹja tó yẹ kó di ọkọ̀ tuntun tàbí owó ilé ìwé ọmọ, orí pákó àti páànù ilé tí kò ní í pẹ́ ló ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí Ìlàjẹ fi ń kó èrè rẹ̀ lọ sí ìlú ẹlòmíràn. Makoko ní Èkó, níbi tí wọ́n ń bá àwọn Ègùn gbé lórí omi, àti àdúgbò Ìlàjẹ ní Bàrígà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Wọ́n ti lo àwọ̀n wọn dé etíkun Kamẹrúùnù àti kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ náà ń lọ sí Èkó, àmọ́ ó ní ibi tó ń padà sí nígbà ọdún.

Kí wá ni epo rọ̀bì ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó mú kí ilẹ̀ tí kò dúró náà túbọ̀ yẹ̀. Àwọn ipadò tí iléeṣẹ́ epo gbẹ́ láti lè gbé ẹ̀rọ kọjá ní ìhà Awóyè ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú àbàtà omi dídùn. Igi kú, ẹja odò sá lọ, omi mímu bàjẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ orí pẹpẹ epo Parabe ti iléeṣẹ́ Chevron láti béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, hẹlikọ́pútà gbé àwọn ológun dé, ìbọn dún, ọ̀dọ́ méjì kú. Larry Bowoto, tí ìbọn bà níbẹ̀, gbé ẹjọ́ dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn adájọ́ ará ìlú ní San Francisco dá Chevron láre. Ẹni tó bá ń sọ pé Ìlàjẹ ń jẹ owó epo, kó rántí pé iye kan wà tí wọ́n ti san fún un tí kò sí nínú ìwé ìṣírò kankan.

Òtítọ́ ni pé owó wà. Òfin ìlú Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní ó kéré tán, ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àlùmọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà ìjọba gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, òfin dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ ní ọdún 2001, ó sì ya ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún un, kó fi tún àgbègbè tó ń mú epo jáde ṣe, ìyẹn Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ìkálẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ibí gan-an ni ìbínú Òkìtìpupa ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìdí, torí ohun tí epo ń bàjẹ́ kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó náà dé. Oba-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, ni olú iléeṣẹ́ àjọ tó ń tọ́jú etíkun wà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀nà jíjìn sí òkun. Àjọ NDDC ti ìjọba àpapọ̀ náà gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá òkun dúró ní Àyétòrò fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn lẹ́yìn náà. Odi náà kò débẹ̀, òkun ló ń dé. Ẹni tó kọ́ ilé ìwé ẹgbẹ̀rún sí etíkun tí kò ní odi kò tíì tún etíkun náà ṣe. Odi ló yẹ kó ṣáájú, kí gbogbo yòókù tó tẹ̀lé e.

Àwọn ohun tí méjèèjì jọ pàdánù pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń jà lé lọ. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá ni iná ìjọba kò fi sí ní ọ̀pọ̀ ìlú Gúúsù Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ pọ̀. Lásìkò náà, télọ̀ tó fẹ́ rán aṣọ ní Òkìtìpupa ní láti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi yìnyín tọ́jú ẹja ní Igbókòdá ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ní ayé ìjọba gómìnà Ajáṣin ni wọ́n dá iléeṣẹ́ dígí Olúwa sílẹ̀ ní Igbókòdá, torí yanrìn funfun tó wà níbẹ̀. Ó ti kú tipẹ́. Iléeṣẹ́ epo pupa ti Òkìtìpupa, tí oko rẹ̀ tàn káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, dákú fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìjà àti àìbójútó, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iléeṣẹ́ méjèèjì tún mú wa padà sí kókó wa: nígbà tí iléeṣẹ́ epo pupa dákú, ọ̀pẹ ṣì wà lórí ìdúró, ará oko sì ń rí ẹyìn kọ. Nígbà tí ti dígí kú, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ló kù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjà ló fi hàn jù pé ọrọ̀ ajé kan ni èyí. Púpurù ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin tó ń ṣe é á bó ẹ̀gẹ́, á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí á fi rọ̀, á yọ okùn inú rẹ̀, á dì í sínú àpò, á gbé òkúta lé e kí omi lè ro dànù. Lẹ́yìn náà á mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọdé, á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná. Èéfín á sọ ara rẹ̀ di dúdú, inú á sì funfun. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha èèpo dúdú kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó lórí iná. Ó lè pẹ́ nílé láì bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí apẹja tó ń lọ sórí omi fún ọjọ́ gbọọrọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ oko Ìkálẹ̀ ló ń bọ́ omi, ẹja omi ló sì ń gorí ọbẹ̀ ní oko. Èéfín kan náà, lójú ìyá kan náà, ló ń yan méjèèjì. Síbẹ̀ kò sí àjọ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo púpurù àti ẹja yíyan pọ̀ bí òwò kan: kí wọ́n ṣe ààrò tí kò ní í ba ojú obìnrin jẹ́, kí wọ́n sì tún ọ̀nà Òkìtìpupa sí Igbókòdá ṣe torí ọjà, kì í ṣe torí ìbò.

Àwọn kan gbà pé bí ọmọ ẹni bá dé ipò, ìyà tán. Ìkálẹ̀ ti dán an wò: Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò, ṣe gómìnà láti ọdún 2003 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Ìjọba rẹ̀ ló bí yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Òkìtìpupa, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọrí ní ọdún 2020. Ó jẹ́ èrè gidi, ó sì wà níbẹ̀ torí pé ilẹ̀ wà tí wọ́n kọ́ ọ lé. Lucky Ayédatiwa, ọmọ Òbè-Ńlá ní Ìlàjẹ, wà lórí àga náà láti òpin ọdún 2023. A ó fi odi òkun wọn ìjọba tirẹ̀, kì í ṣe iye àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó bá rí ipò.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó yẹ kí Ìkálẹ̀ yára gbé yẹ̀ wò. Ọ̀dà ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ kànga láti wá ní ìhà Agbábù ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní gba abẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá ní agbègbè Ìrèlè. Wíwá ọ̀dà yìí jáde lè gba kí wọ́n hú ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, pẹ̀lú oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ìdá mẹ́tàlá tí Òkìtìpupa ń ṣe ìlara rẹ̀ á kàn án, torí gbogbo ohun àlùmọ́nì ni òfin dárúkọ, kì í ṣe epo rọ̀bì nìkan. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo tí Ìkálẹ̀ ní tí Ìlàjẹ kò ní, ìyẹn ilẹ̀ tó dúró, ni wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Ìsinsìnyí, kí wọ́n tó hú ẹ̀kún ọkọ́ àkọ́kọ́, ló yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Oǹdó kọ ọ́ sínú òfin: ta ni yóò san owó ọ̀pẹ tó bá ṣubú, fún onílẹ̀ Ìkálẹ̀ àti fún Urhobo tó ń gùn ún, èwo nínú owó náà ló wà fún títún ilẹ̀ dí, àti ìlú wo, láàárín Ìrèlè àti etí òkun, ni olú iléeṣẹ́ àjọ tó ń ná an yóò wà.