Bí Ọmọ Mùsùlùmí Ṣe Lè Di Dókítà Alẹ́jì

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ọmọ bá jẹ edé tàbí ẹ̀pà, tí ètè rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ lé, tí kò sì lè mí dáadáa, májèlé ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Bó bá wá jẹ́ ilé olórogún, ìyàálé tàbí ìyàwó ni wọn yóò dojú kọ. Àbá burúkú tí ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa nìyẹn, ó sì lè tú ilé ká, nígbà tó jẹ́ pé edé ni kò bá ara ọmọ náà mu. Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní alẹ́jì. Àwọn dókítà kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an nìyí, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọmọ yín ṣe lè di ọ̀kan nínú wọn.

Kí ni iṣẹ́ dókítà alẹ́jì?

Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ ogun sínú ara wa láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń ṣi ohun tí kò léwu mú fún ọ̀tá: edé, ẹyin, ẹ̀pà, eruku, tàbí oògùn bíi penisílínì. Nígbà tí wọ́n bá ń jà, ara yóò tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ histamine jáde. Òun ló ń mú ara yún, tó ń mú ojú wú, tó sì ń mú imú ṣomi. Bó bá le, ọ̀fun lè dí, ìfúnpá lè já wálẹ̀, ẹ̀mí sì lè bọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni ìtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe epo pupa. Ẹ sáré gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn.

Láti mọ ohun tó fà á, dókítà yóò kán omi ohun tí a fura sí sí apá, yóò fi abẹ́rẹ́ gún ojú awọ díẹ̀, yóò sì dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 láti wò ó bóyá ibẹ̀ máa wú. Ó tún lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Òun náà ló ń tọ́jú ikọ́ fée, àti àwọn ọmọ tí ọmọ ogun ara wọn kò lágbára, tí àrùn kì í fi wọ́n sílẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa

Al-Razi, oníṣègùn mùsùlùmí ará Páṣíà tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, kọ̀wé lórí ìdí tí imú Abu Zayd al-Balkhi fi máa ń ṣomi nígbà tí òdòdó róòsì bá ń tú òórùn jáde. Ọdún 1906 ni Clemens von Pirquet, dókítà ní Vienna, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní orúkọ náà, alẹ́jì.

Imam Al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, ka ìṣègùn mọ́ fardh kifayah nínú ìwé Ihya: bí ẹnì kankan kò bá ṣe é nílùú, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi. Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà tirẹ̀ wí pé wọ́n ń rọ́ lọ sídìí fiqh, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní oníṣègùn mùsùlùmí. Àwa tí a jáde ní ilé-kéwú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bá wa wí.

Ọ̀nà tí yóò gbà

1. Láti SS1, kí ọmọ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Yóò nílò kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ní WAEC tàbí NECO, yóò sì ṣe ìdánwò JAMB.

2. Ọdún 6 ní yunifásítì láti gba oyè MBBS.

3. Ọdún 1 fún housemanship, ọdún 1 fún àgùnbánirọ̀.

4. Residency, nǹkan bí ọdún 5, lórí ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí ìtọ́jú ọmọdé, lábẹ́ National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Physicians.

5. Ẹ̀kọ́ alẹ́jì fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọdún 2. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ kọ́ ọ. Yunifásítì Cape Town ní ètò tó ń kọ́ àwọn dókítà ọmọdé láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, kí wọ́n lè padà sílé wá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ti Amẹ́ríkà yóò yege ìdánwò USMLE, yóò ṣe residency ọdún 3 níbẹ̀, kí ó tó lo ọdún 2 lórí alẹ́jì.

Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀

Bí ọmọ bá wọ yunifásítì ní ẹni ọdún 18, tí kò sí ìdádúró, yóò ti tó bí ẹni ọdún 33 kó tó parí. Kí èyí má dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe ọdún 15 lẹ ó fi máa bọ́ ọ: láti ìgbà housemanship ló ti ń gba owó oṣù. Ọdún 6 àkọ́kọ́ ni ìnáwó wà, òun ló sì yẹ kí ẹ máa tọ́jú owó dè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọsẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kìíní. Ìwé ẹ̀rí ìdáádì àti thánáwì níyì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mú ọmọ wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Bí ilé-kéwú ọmọ yín kò bá ní sáyẹ́ǹsì, kò pọn dandan kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi í sí ilé ìwé ní àárọ̀ àti ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, bí ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ti ṣe.

Ẹ má sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ara yíyún pamọ́ nítorí pé wọn kò fẹ́ ṣí ara fún ọkùnrin. Dókítà obìnrin ni yóò tú wọn sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìwòsàn fún ìlú. Àmín.