Láti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Townsend Dé Yàrá Kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta

Lọ́dọọdún tí èsì ìdánwò àṣewọlé bá ti jáde ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá: "Ọmọ mi ò rí iṣẹ́ dókítà mú, iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n fún un." Ẹlòmíràn á ní, "Iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni ó fẹ́ lọ kọ́ ní Pólì." Bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn Ẹ̀gbá wò, iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa kò lè kọ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé kọ́ ọ kò rọrùn fún wọn.

Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ rẹ̀: bí a ti ń ṣa lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń tò ó ní àyípadà kí ó lè hàn bó ti yẹ lórí bébà, bí a ti ń fi yíǹkì pa á, tí a ó sì tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjọ ni ó kún inú rẹ̀ jù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òwò òwú àti ogun Ìjàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ilé ẹ̀rọ yẹn ní iléewé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa kò ní bá a jiyàn.

Níbo ni àwọn Mùsùlùmí wà nígbà náà? Wọ́n wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní ìwé tiwọn. Ilé-kéwú wà, wàláà wà, tàdáà wà. Ẹni tó mọ̀wé ni àlùfáà tó ń kọ lẹ́tà Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n iléewé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ilé kan náà ni wọ́n wà, ìjọ ni ó sì ni ilé náà. Ọmọ tó bá wọlé bíi Sùlè lè jáde bíi Sámúẹ́lì. Bàbá tí kò fi ọmọ sílẹ̀ kì í ṣe òpè. Ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. A kò dá wọn lẹ́bi rárá. Síbẹ̀, ẹni tí kò sí nídìí ẹ̀rọ kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá ń wá ìtàn mọ́ṣáláṣí àti Lẹ́mọ́mù ìgbà náà nínú ìwé ìròyìn ìjọ, ó dà bí ẹni tó ń wá ẹja lórí àpáta.

Ní 13 October, 1867 ni Ìfọ́lé dé. Wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé ìròyìn sì dópin. Ẹ̀rọ ló bàjẹ́ o, iṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ti kọ́ ọ. Nígbà tí Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ láàárín ọdún 1898 sí 1914, àwọn tó mọ ìwé òyìnbó ni ó di kálámù mú ní ọ́fíìsì. Adégbóyèga Ẹ̀dún tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba náà, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni tẹ́lẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan yí padà. A dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí sì ń kọ́ iléewé tiwọn. Ní Abẹ́òkúta yìí náà, ọmọ Mùsùlùmí kan wọ Baptist Boys' High School. Ó di olóòtú ìwé àtìgbàdégbà iléewé náà, The Trumpeter, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ni igbákejì rẹ̀. Moshood Abíọ́lá ni ọmọ náà. Ó jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sìn rẹ̀, ó di oníṣirò owó, ní 1980 ó dá ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀, èyí tó tún gbé Ìṣọ̀kan jáde ní èdè Yorùbá.

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Rédíò OGBC bẹ̀rẹ̀ ní 1977, tẹlifíṣàn OGTV ní 1981. Láàárín méjèèjì, ní 1979, ni Pólì ìpínlẹ̀ Ògùn dé, èyí tí wọ́n fi orúkọ Abíọ́lá pè lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ìwé ẹ̀rí ni Pólì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ, kò béèrè pé kó yí orúkọ padà. Ọdún méjì ni a fi ń gba ND, a ó lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún kan, kí a tó padà wá fún HND. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ń kọ́ bí a ti ń kọ ìròyìn, bí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, bí a ti ń gé e tí a ń lẹ̀ ẹ́, bí a ti ń ya fọ́tò, bí a ti ń to ojú ewé. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ẹ̀rọ táìpù àti ṣọ́ọ̀tìháǹdì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà kan. Ọ̀kan nínú wa rántí bí wọ́n ti fi aṣọ bo ọwọ́ òun kí òun má baà wo lẹ́tà! Lẹ́yìn ọdún 2000, ẹ̀kọ́ náà di ti ìmọ̀ ọ́fíìsì òde òní, kọ̀ǹpútà sì gba ipò ẹ̀rọ táìpù.

Kì í ṣe gbogbo ibi tó kọ kọ̀ǹpútà sára ògiri ni ó ń kọ́ni o. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀kan nínú wa san owó oṣù mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó rí i kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ wo yàrá iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ kà á, ẹ̀rọ mélòó ni, ọmọ mélòó?

Ní 2005, Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Olówu, tó ti ṣe adájọ́ ní Hague, dá Yunifásítì Crescent sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé Mùsùlùmí. Bàbá náà jáde láyé ní 2023.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò kéré. Àwọn ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ń fi orí ka gbèsè oníbàárà. Ọmọ tó mọ bí a ti ń to owó sójú ìlà lórí kọ̀ǹpútà lè fi ìrọ̀lẹ́ kan tú u palẹ̀ fún wọn. Nínú yàrá ọ̀pọ̀ àgbà, àpótí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí wà níbẹ̀, ti ọdún 1980 sí 1990, téèpù rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ wa tó kọ́ iṣẹ́ rédíò ti ń fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí kejìlá, ìyá àgbà tó ni àpótí náà ní kó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láàárín èrò, tó ń ṣe "Àmín".