Ọ̀bẹ Kíká Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa Kí Á Tó Fi Í Sápò

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ilé ìkẹ́rùsí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń tú páálí, tí ó ń gé okùn, tí ó sì ń bó ọsàn jẹ nígbà ìsinmi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irú ọ̀bẹ kíká wo ni mo lè rà tí kò ní gbówó lórí, tí mo lè máa mú dání lójoojúmọ́?” Ó rò pé orúkọ ọjà kan ṣoṣo ni n óò dá fún òun. Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè fi owó pọ́ọ́kú ra ẹjọ́ ńlá.

Ọ̀bẹ kíká ni ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ ń wọ inú èèkù bí ìgbín ṣe ń fà wọ inú ìkarahun. Èèkù ni ó di àkọ̀ fún un. Kò gé àpò, kò sì gé itan ẹni tí ó ni í. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní Hallstatt ní ilẹ̀ Austria, wọ́n hú ọ̀kan jáde tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun, ó sì ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà lò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀bẹ kíká tí ó dára ṣe di ohun tí tálákà lè rà, agbègbè Savoie ní ilẹ̀ Faransé ni kí á lọ, láàárín àwọn òkè ńlá Alps.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Joseph Opinel ní ọdún 1872. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni ó ti wá. Baba rẹ̀ a máa rọ àáké àti àwọn irinṣẹ́ olójú mímú mìíràn fún àwọn àgbẹ̀ àyíká, iṣẹ́ rẹ̀ sì lókìkí. Inú baba kò dùn sí i pé ọmọ fẹ́ máa fi ọ̀bẹ kékeré ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọmọ náà kò gbà. Ní 1890, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ó ṣe ọ̀bẹ kíká kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́rin péré ni ó para pọ̀ di ọ̀bẹ náà: irin kan, èèkù igi kan, ìṣó kan tí ó so irin mọ́ igi, àti òrùka irin kan tí ó di ẹnu èèkù mú kí ó má baà là. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè tètè bàjẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ fi han ọ̀rẹ́, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ní 1897, Opinel ti ní ìwọ̀n 12, láti nọ́ńbà 1 tí ó kéré jù títí dé nọ́ńbà 12. Ó ronú kan ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ èèkù igi, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ sí etí odò kí agbára omi lè máa bá a yí ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iye owó ọ̀bẹ náà fi kéré. Kì í ṣe pé ó fi irin burúkú ṣe é; iṣẹ́ ọwọ́ tí kò pọn dandan ni ó yọ kúrò. Àwọn alájàpá ń kiri rẹ̀ láti ìletò dé ìletò, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì gbé òkìkí rẹ̀ gba ojú irin lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àgbẹ̀ fi ń gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì, darandaran fi ń gbẹ́ igi. Ní 1909, ó fi ọwọ́ tí ó dé adé ṣe àmì ọjà rẹ̀, àmì náà sì wà lára irin rẹ̀ títí di òní. Ní 1985, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ka ọ̀bẹ àgbẹ̀ yìí mọ́ ọgọ́rùn-ún ohun tí a ya àwòrán iṣẹ́ wọn dára jù lọ lágbàáyé.

Ìtàn kejì ti Switzerland wá, òun ni ó sì fi apá kejì ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú hàn wá. Karl Elsener dá ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Ibach ní ọdún 1884. Nígbà náà, iléeṣẹ́ ológun Switzerland ń wá ọ̀bẹ kíká tí sójà lè fi ṣí agolo oúnjẹ, tí ó sì lè fi tú ìbọn tuntun rẹ̀ palẹ̀. Ìlú Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti ra àwọn àkọ́kọ́. Ó dun Elsener pé ilẹ̀ àjèjì ni sójà ilẹ̀ òun ti ń ra ọ̀bẹ. Ó kó àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ní 1891 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ tiwọn fún àwọn ológun.

Ṣùgbọ́n Solingen ní ẹ̀rọ ńláńlá, ọ̀bẹ tiwọn kò sì wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Elsener fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ gbèsè wọ ọrùn, àwọn ẹbí ni ó sì dìde ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó gbà á là ni ọ̀bẹ mìíràn tí ó gbé jáde ní 1897. Èyí fúyẹ́ ju ti sójà lọ, ó sì ní irin kékeré kejì àti ohun tí a fi ń ṣí ìgò wáìnì. Iléeṣẹ́ ológun kò pín in fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá sójà ni ó fi owó ara wọn rà á. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Victoria, kú ní 1909, ó fi orúkọ ìyá náà sọ ọjà rẹ̀. Ní 1921, wọ́n so “inox”, èyí tí í ṣe irin tí kì í dípẹtà, mọ́ orúkọ náà, ó di Victorinox. Ọjà tí ó rẹlẹ̀ jù ní iye owó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Elsener, ṣùgbọ́n kò pa á, nítorí pé àwọn tí ń lo ọ̀bẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kò wọ́n àti ohun tí kò níyì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àbúrò mi àti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Ewu kan wà lára ọ̀bẹ Opinel àtijọ́: bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ ní òdì, irin lè ká padà sórí ìka. Ní 1955, Marcel Opinel ṣe òrùka kejì tí ń yí, tí ó ń ti irin náà pa kí ó má lè ká lójijì. Ọ̀pọ̀ ìka ni òrùka yẹn ti gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ìka là ní Savoie lè di ẹ̀sùn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin ọdún 1988 tí ó de England àti Wales kà á léèwọ̀ kí ènìyàn mú ohun olójú mímú káàkiri ní gbangba láìní ìdí tí ó yè kooro. Ó yọ ọ̀bẹ kíká alápò sílẹ̀ bí ojú irin rẹ̀ kò bá ju ínṣì 3 lọ. Àwọn ilé ẹjọ́ sì túmọ̀ rẹ̀ pé ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ ń tì pa kì í ṣe ọ̀bẹ kíká lójú òfin, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni ó lè yọrí sí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìdí náà múlẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ kò sì ní gbè é bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi àríyá lálẹ́. Ẹni tí ó bá sọ fún ọlọ́pàá pé òun mú un láti fi dáàbò bo ara òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ di ohun ìjà. Ní ti ọ̀bẹ tí ń fò yọ bí a bá tẹ bọ́tìnnì, láti 1959 ni òfin ti ká ìṣòwò rẹ̀ lọ́wọ́ kò níbẹ̀.

Nítorí náà, nọ́ńbà 8 tí gbogbo ayé ń yìn kọ́ ni mo ní kí àbúrò mi rà. Irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, òrùka sì ń tì í pa. Nọ́ńbà 5 kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, kò sì ní òrùka tí ń ti irin pa, nítorí pé láti nọ́ńbà 6 sókè ni wọ́n ti ń fi í sí i. Ọ̀bẹ Victorinox kékeré tí kì í tì pa náà bá òfin mu. Mo sì kìlọ̀ fún un pé kí ó rántí pé ọ̀bẹ tí kì í tì pa lè ká, kí ó máa gé nǹkan síwájú, kí ó má ṣe tẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyókù, ọwọ́ àti ojú ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó ṣí ọ̀bẹ náà, kí ó mi irin rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, kí ó dá a padà. Irin kábọ́nù rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n bí omi ọsàn bá kàn án tí a kò nù ún, yóò dípẹtà. Inox ni ó yẹ ẹni tí kò ráyè nu ọ̀bẹ. Èèkù igi máa ń wú bí ó bá mu omi, irin á sì há sínú rẹ̀. Kí ó sá fún ọ̀bẹ tí irinṣẹ́ 15 so mọ́ ara rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sì tó ti irin kan ṣoṣo tí ó dára. Bí ó bá sì ń bọ̀ nílé, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú àpò ọwọ́. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fòfin de ọ̀bẹ alápò nínú ọkọ̀ òfúrufú, ọjà Victorinox sì wálẹ̀ gan-an nígbà náà.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ní ti ọ̀bẹ alápò, ìbéèrè ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú èèkù. Àbúrò mi ra nọ́ńbà 5. Ọsàn ni ó fi ń bó.