Àgbádárìgì: Amọ̀nà, Ìtàn àti Òtítọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Bí òwe yìí bá ṣẹ ní ibì kan, ó ṣẹ ní Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ègùn tí ó wà létí ọ̀sà ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Níbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ mọ ìtàn kì í kọ́kọ́ ṣí ìwé. Amọ̀nà ni ó ń tẹ̀ lé. Amọ̀nà a ṣíwájú, àlejò a máa bá a lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ìtàn a sì máa jáde bí ẹni bu omi láti inú àmù. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ni pé: irú ìtàn wo ni àlejò ń gbé padà lọ sílé?

Ilẹ̀ àti omi gan-an ni ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Ọ̀sà tí ó gba iwájú ìlú kọjá ni ó so Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ ní apá kan àti Èkó ní apá kejì. Ilẹ̀ iyanrìn tóóró, tí igi àgbọn pọ̀ lórí rẹ̀, ni ó pààlà láàárín ọ̀sà yìí àti òkun. Ọ̀sà a máa pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ìgbì etíkun náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà ni a fi ń kó ọjà àti ènìyàn la ìgbì kọjá lọ bá ọkọ̀ òyìnbó lójú agbami. Omi tí ó jẹ́ ìrọ̀rùn fún apẹja ni àwọn olówò ẹrú sọ di ọ̀nà ègbé.

Ìdí nìyí tí ìrìn àjò lọ sí Gberefu fi ń mú ọkàn wúwo. Àlejò a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, a sì fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn títí dé etí òkun, níbi tí a ń pè ní ibi àrèmábọ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn amọ̀nà a máa sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Nínú ìlú fúnra rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí a fi de ènìyàn ṣì wà ní ilé ìdílé Mobee. Ilé Seriki Williams Abass náà wà níbẹ̀, ẹni tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí ó padà wá di olówò ẹrú, tí ó sì di olóyè ńlá kí ó tó kú ní 1919. Kì í ṣe ohun kékeré pé kí ìdílé ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò láti wo ohun tí baba ńlá wọn ṣe. Ìgboyà ni.

Apá mìíràn nínú ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí ìlú yìí, a sì wàásù lábẹ́ igi Agia. Igi náà wó ní 1959. Ọwọ̀n ìrántí ni ó dúró ní ipò rẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí C. A. Gollmer parí ní 1845 ṣì wà. Samuel Àjàyí Crowther gbé ní ìlú yìí kí ó tó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjà Vlekete ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Wọ́n a máa sọ fún àlejò pé ní 1502 ni ọjà ẹrú náà bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò òyìnbó kò bá èyí mu. Ó fi hàn pé lẹ́yìn tí ogun Dàhòmì fọ́ Jakin ní 1732 ni oníṣòwò ará Hólándì kan, Hendrik Hertogh, sá wá sí agbègbè yìí, tí Àgbádárìgì sì di èbúté òwò ẹrú. Òun ni àwọn onímọ̀ ìtàn kà sí Huntokonu tí àwọn àgbà ìlú ń dárúkọ. Ẹnu àwọn àgbà tọ́jú orúkọ. Ìwé tọ́jú ọdún. Èkíní kò gbọdọ̀ kẹ́gàn èkejì.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni igba ọdún já mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá? Ó já mọ́ púpọ̀. Àwọn tí a kó kọjá Gberefu pàdánù ilé, èdè àti orúkọ wọn. Àwọn ọmọ wọn tí ó ń padà wá láti Amẹ́ríkà àti Brazil kò wá gbọ́ àlọ́. Bí àlejò bá rí i pé ọdún kan kò tọ̀nà, yóò máa ṣiyèméjì nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ó fojú ara rẹ̀ rí.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ èdè àti ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi wé ìwé, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ lé amọ̀nà lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sàn kí òtítọ́ ti ẹnu amọ̀nà Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ jáde.